Ààbọ̀ Búrẹ́dì fún Èènì

"Ta ló ní kí wọ́n la búrẹ́dì mi sí méjì?"

Àlàájà Aisha gbé ààbọ̀ búrẹ́dì sórí tábìlì Déolú. Ilé búrẹ́dì rẹ̀ wà ní Agége, ọ́fíìsì Déolú ní Ìkẹjà ló sì ṣe ìkànnì tí àwọn oníbàárà rẹ̀ fi ń ra ọjà. "Oníbàárà mi ní Ifákò ló dá a padà. Ó ní ṣé alágbe ni òun ni."

Déolú tún táì rẹ̀ ṣe. Bí ẹ bá rí táì yẹn, ẹ ó rò pé ọpọlọ wà lókè ẹ̀.

Kaothar tó kọ ìkànnì náà jókòó sí igun, ó ń wo Déolú. Ó kúkú ti kìlọ̀ fún ọ̀gá rẹ̀ yìí tẹ́lẹ̀. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní ògbufọ̀, òun ló ń túmọ̀ ohun tí wọ́n bá kọ fún kọ̀ǹpútà. Ògbufọ̀ àtijọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe iṣẹ́ Àlàájà, kí tuntun tó jáde. Ẹni tó bá ra méjìlá á gba èènì kan. Bó bá ra ọgbọ̀n, ògbufọ̀ àtijọ́ á ní èènì méjì, á gbójú fo ìyókù. Ti tuntun ò mọ̀yẹn, méjì àti ààbọ̀ ló máa pè é.

"Ẹ jẹ́ ká fi méjèèjì dán an wò ná, sà," ni Kaothar wí nígbà náà.

"Ìwọ lo máa kọ́ mi níṣẹ́? Tuntun yá ju àtijọ́ lọ, ó parí."

Déolú yí i sí tuntun fúnra rẹ̀, ó sì gba Ọ̀pẹ̀bí lọ jẹun. Àwọn tó ń di búrẹ́dì ní Agége rí ààbọ̀ lójú ẹ̀rọ, wọ́n mú ọ̀bẹ. Ta ló fẹ́ bá kọ̀ǹpútà jiyàn?

"Ẹ má bínú, Àlàájà," ni Déolú wí, ojú ò tiẹ̀ tì í. "Iṣẹ́ ọmọdé ni. Kaothar, wá kúnlẹ̀ bẹ Màmá."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn: ọ̀gá á ba nǹkan jẹ́, ọmọṣẹ́ á kúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ á tán. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kúnlẹ̀ ti gbà pé òun jẹ̀bi, orúkọ rẹ̀ sì ti bàjẹ́ nìyẹn. Bí Kaothar bá kọ̀, iṣẹ́ ti bọ́. Ẹ̀rù bà á, àmọ́ ọkùnrin náà ti rí i lára kọjá ẹ̀rù.

Kaothar dìde, ó kúnlẹ̀ níwájú Àlàájà. Déolú ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Mo kúnlẹ̀ kí yín ni, n ò kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi ọ̀gá mi ohun tí mo sọ fún wọn kí wọ́n tó yí i padà."

"Dìde, ọmọ mi." Àlàájà fa àga, ó jókòó, ó kọjú sí Déolú. "Mò ń gbọ́."

Déolú tún na ọwọ́ sí táì rẹ̀. Kaothar padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó tún ìlà kan kọ kí ògbufọ̀ méjèèjì lè máa fúnni ní odidi búrẹ́dì, ó fi méjèèjì dán an wò. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù rẹ̀ sínú báàgì.