Kọ́tìnnì Tó Di Okùn

Abẹ́rẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin aránkọ́tìnnì náà, nítorí ó pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹnu rẹ̀ sì mú. Láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, ó ṣí bùùtù ọkọ̀, ó sì ń kó ẹrù ọkọ rẹ̀ dà sílẹ̀: okùn tí wọ́n fi ń wọ́ ọkọ̀, jákì, tọ́ọ̀ṣì, kẹ́ẹ̀gì omi, aṣọ òtútù tó nípọn. Baálé rẹ̀ kì í rìn láìsí wọn. Ṣùgbọ́n bùùtù kò lè gbà wọ́n pọ̀ mọ́ kọ́tìnnì tó ń gbé lọ fún olótẹ́ẹ̀lì kan ní ìlú kejì.

Ìyá ọkọ rẹ̀, tó fẹ́ bá a lọ kí àbúrò rẹ̀ ní ìlú kejì, káwọ́ sẹ́yìn, ó ń wò ó.

"Ìyàwó mi, bí ọ̀nà bá wá yíwọ́ ńkọ́?"

"Mọ́mì, kéèyàn tó sín kó tó nu imú, a ti débẹ̀."

"Kí ojú ọ̀run ṣáà ti gbọ́ bẹ́ẹ̀."

Ojú ọ̀run ò gbọ́. Wọn ò tíì jìnnà sílé tí òjò fi ya lulẹ̀, tí wáípà ń sáré lásán. Ibi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́ wọ àfonífojì ni Abẹ́rẹ́ ti tẹ bíréèkì. Títì ti pòórá. Omi pupa ló ń ṣàn kọjá lórí rẹ̀, ó ń gbé igi àti pàǹtírí lọ. Ọkọ̀ funfun kékeré kan fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ láàárín omi náà, òpó irin etí ọ̀nà nìkan ló dá a dúró. Obìnrin kan tó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì dojú bolẹ̀ lórí rẹ̀.

"Ẹ gbà mí o!"

Abẹ́rẹ́ bẹ́ sílẹ̀, ó sáré lọ ṣí bùùtù. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń wá okùn kí ó tó rántí pé okùn wà nílé, lẹ́bàá ògiri.

"Mọ́mì, mo ti pa obìnrin yìí."

"O ò tíì pa á." Òjò ti lu Mọ́mì rin gbingbin. "Kí ló wà níbẹ̀?"

"Kọ́tìnnì lásán ni."

"Èwo ló yi jù?"

Ìbéèrè yẹn ló dá orí Abẹ́rẹ́ padà sípò. Àwọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yóò ya. Ṣùgbọ́n àwọn àrán aláwọ̀ osùn ní aṣọ ìtẹ́nú, ó sì ti rán etí wọn ní àrántúnrán. Ó fa mẹ́ta yọ, ó so orí wọn mọ́ra wọn, ó fi eyín fa ìdè wọn le. Ó so etí kan mọ́ irin abẹ́ bọ́ńpà ọkọ̀ wọn, ó so ìkejì mọ́ áyọ́ọ̀nù tó gbé dání láti fi lọ kọ́tìnnì, ó sì jù ú.

Kò débẹ̀. Wọ́n fà á padà. Ọkọ̀ funfun náà ké kíì, ó sún.

"Má wo ọkọ̀!" Mọ́mì pariwo. "Ẹni tó wà lórí ẹ̀ ni kó o wò!"

Ó tún un jù. Áyọ́ọ̀nù bá òrùlé ọkọ̀ gbàù, díẹ̀ ló kù kó fọ́ orí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà. Nọ́ọ̀sì náà gbá a mú.

"Ẹ so ó mọ́ abẹ́ apá!" Abẹ́rẹ́ ké sí i.

"Ọwọ́ mi ti kú!"

"Ẹ fi eyín so ó!"

Bó ṣe fi eyín fa ìdè náà tán ni òpó irin dá. Omi gbé ọkọ̀ lọ, nọ́ọ̀sì sì rì. Aṣọ náà le gan-an bí irin, ni Abẹ́rẹ́ bá rí i tí ìdè àárín ń yọ̀, tó ń tú díẹ̀díẹ̀. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó kó wọ omi dé ìbàdí, ó gbá aṣọ mú níwájú ibi tó ti ń tú. Mọ́mì di bọ́ńpà mú lọ́wọ́ kan, ó fi ọwọ́ kejì di ẹ̀wù Abẹ́rẹ́ mú lẹ́yìn.

"Fà á! Abẹ́rẹ́, fà á!"

Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé wọn, ìyá ọkọ rẹ̀ ò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Ó fà á. Orí kan yọ, ẹrẹ̀ bò ó. Ó tún fà á, títí orúnkún nọ́ọ̀sì fi kan títì, tó ń pọ omi, tó ń wúkọ́.

Wọ́n gbé e wọnú ọkọ̀, wọ́n fi kọ́tìnnì tó kù wé e bí ọmọ tuntun. Ìka Abẹ́rẹ́ ti ká kò, wọn ò ṣeé nà. Mọ́mì gbà wọ́n, ó ń ra wọ́n jẹ́jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni fóònù dún. Olótẹ́ẹ̀lì ni.

"Ẹ dà? Àlejò mi ń bọ̀ nírọ̀lẹ́ o!"

Abẹ́rẹ́ ṣàlàyé.

"Ẹ kú ewu o. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi fèrèsé mi sílẹ̀ ní ìhòòhò. Màá pe aránṣọ mìíràn."

Ó dun Abẹ́rẹ́ dé egungun.

Láti ẹ̀yìn ọkọ̀, nọ́ọ̀sì yọ orí nínú kọ́tìnnì. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe ọmọ mi." Ó ka nọ́ńbà náà, Mọ́mì tẹ̀ ẹ́, ó sì gbé fóònù sí i létí.

"Màmá, ẹ mà pẹ́ o! Ebi ń pa mí."

Nọ́ọ̀sì lanu, ẹ̀rín àti ẹkún jọ bọ́ síta. "Mò ń bọ̀, ọmọ mi. Mò ń bọ̀."

Abẹ́rẹ́ fi àtẹ́lẹwọ́ ti jíà, ó yí ọkọ̀ padà, ó sì lọ wá ọ̀nà mìíràn tó lọ sọ́dọ̀ ọmọ náà.