Ìgò Oògùn Ibà Tí Bàbá Mi Gbé Wá

Ẹ̀rọ tó wà ní yàrá àyẹ̀wò wa ló kọ́kọ́ kí mi káàárọ̀. Mo dáhùn, mo wọ kóòtù funfun mi, mo jókòó sídìí iṣẹ́. Oògùn là ń yẹ̀ wò níbẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn á tú oògùn sí wẹ́wẹ́, á wọn ìwúwo èérún kọ̀ọ̀kan, á fa ìlà rẹ̀ sójú kọ̀ǹpútà, a ó sì mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n kọ sára ìgò ló wà nínú rẹ̀. Àwa mẹ́fà la máa ń ṣe é. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kóòtù àwọn márùn-ún yòókù nìkan ló wá síbi iṣẹ́. Wọ́n jókòó sórí àga wọn, wọn ò lórí, wọn ò lọ́wọ́. Mo kí kóòtù Ọ̀gbẹ́ni Fásanmí. Kò dáhùn. Kò yà mí lẹ́nu, nítorí òun fúnra rẹ̀ kì í dáhùn.

Yàrá náà gùn. Láti ìdí fìríìjì dé ìdí ẹ̀rọ, ìrìn ọdún méjì ni, mo sì ti hewú díẹ̀ kí n tó débẹ̀. Mo bá bàbá mi láàárín àwọn ìgò tó ń dúró de àyẹ̀wò. Bàbá mi ti kú láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Wọ́n mú ìgò kan lọ́wọ́.

"Àwẹ̀ró," wọ́n ní, "bá mi yẹ èyí wò."

Mo mọ ìgò náà. Bàbá mi ló ni ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì kan ṣoṣo tó wà ládùúgbò wa n'Ípetumodù. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá, bàbá mi ta oògùn ibà inú irú ìgò yìí fún Ìyá Mojírádé, ará ilé kejì. Mojírádé lò ó, ibà náà ò lọ, ọmọ náà kú lọ́jọ́ kẹta. Kò sẹ́ni tó bú bàbá mi. Àwọn èèyàn kàn ò kí wọn mọ́ ni. Bàbá mi ti ṣọ́ọ̀bù pa, wọ́n wá ń jókòó níwájú ilé lójoojúmọ́, wọ́n ń kí àwọn tó ń kọjá tí kò dáhùn, títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Mo bu oògùn náà díẹ̀, mo fi omi là á, mo gbé e fún ẹ̀rọ. Ó jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí eyín ń dùn. Bàbá mi ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Yàrá náà ti ń súnkì, kò wá ju ṣọ́ọ̀bù lọ mọ́. Àwọn pákó tí bàbá mi máa ń to oògùn lé yọ jáde lára ògiri pẹ̀lú eruku wọn.

"Ṣúgà ni," ni ẹ̀rọ wí. "Ṣúgà, omi, àti àwọ̀ pupa díẹ̀. Kò sí oògùn níbẹ̀."

Mo fẹ́ parọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi: oògùn gidi ni, ẹ fọkàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń sọ kìkì ohun tí ẹ̀rọ bá sọ.

"Bàbá mi," mo ní, "kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀."

Wọ́n mi orí. "Mo rò bẹ́ẹ̀. Òun ni mo lò nígbà tí ibà dé sí èmi náà lára. Mo ní bó bá wo èmi sàn, á jẹ́ pé mi ò pa ọmọ ọlọ́mọ."

Kò sẹ́ni tó mọ̀ nílé pé òun ni wọ́n lò títí ibà náà fi pa wọ́n. Ìbàdàn ni mo wà nígbà náà, mo ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń yẹ oògùn wò.

Wọ́n ká ọwọ́ bùbá wọn sókè, wọ́n ti ìka bọ ẹnu ẹ̀rọ. "Wá wọn èmi náà."

Ẹ̀rọ tọ́ ìka náà wò. Ó wá fa ìlà kan ṣoṣo, tẹ́ẹ́rẹ́, tó ga kọjá ojú kọ̀ǹpútà, tó sì gun ògiri dé òrùlé. Mo wá orúkọ ìwúwo náà nínú ìwé wa, ojú ewé kan tẹ̀ lé òmíràn. Kò sí i. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù, kí n bi àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Mo yíjú. Gbogbo àga ti ṣófo.

Nígbà tí mo máa fi yíjú padà, bàbá mi ti jáde. Mo sáré tẹ̀ lé wọn, mo na ọwọ́ síbi tí ilẹ̀kùn wà. Ògiri ni mo bá. Ọ̀dà rẹ̀ ò tíì gbẹ.