Omi Tó Dákẹ́

"Bàbá, ẹ ò ríran ni, àbí oorun lẹ sùn?"

Àwọn ẹja ti léfòó, wọ́n yí ikùn funfun sókè. Ẹ̀gbọ́n Ẹnjiníà, obìnrin tó ni adágún ẹja mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ń pariwo débi pé ohùn rẹ̀ fẹ́ há. Bàbá Ẹlẹ́ja ló ń bá wí, àgbàlagbà tó ti ń bá a tọ́jú ẹja kí ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ tó mọ̀ ọ́n rìn. Ẹnjiníà fúnra rẹ̀, àbúrò obìnrin náà, dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú bàtà dídán, ó ń wolẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sọnù.

Ó kúkú mọ ohun tó ṣe. Òun ló ri àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ sínú omi, èyí tó ń wọn bí atẹ́gùn inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Òun ló gbé àpótí kékeré kan kọ́ ara ògiri, àpótí tó ní ìkànnì tirẹ̀. Ibi yòówù kó wà, tó bá ti ṣí ìkànnì yẹn lórí fóònù, á rí bí omi ṣe ń mí, á sì tan ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi tàbí kó pa á. Ṣé ẹ wá rí fáàrí? Ó yọ bọ́tìnnì ara ògiri tí wọ́n fi ń tan ẹ̀rọ náà dànù, ó ní kí ọwọ́ àgbà má baà ba nǹkan jẹ́.

Lánàá, iná ṣẹ́jú, ẹ̀rọ náà kú. Ẹnjiníà wà láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́, ó ń fi ìkànnì náà yangàn, nígbà tí Bàbá Ẹlẹ́ja pè é.

"Ẹnjiníà, omi ti dákẹ́ o. Kò hó mọ́."

Ó wo fóònù fìrí. Ojú ìwé tó ṣí láàárọ̀ ló ṣì wà níbẹ̀, kò tún un ṣí. "Ó ń ṣiṣẹ́, bàbá. Mo ń wò ó báyìí. Ojú yín ló ti ń ṣe bàìbàì."

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, òun náà sì bá wọn rín in. Ìròyìn ò tó àfojúbà, àmọ́ ta ló máa sọ ìyẹn fún ẹni tó ti sọ fóònù di ojú? Nígbà tó fi máa tún ìkànnì náà ṣí láàárọ̀ yìí, tó tan ẹ̀rọ náà padà, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

"Mo rí i pé omi dákẹ́," Bàbá Ẹlẹ́ja ń sọ jẹ́jẹ́. "Mo wá rò pé ojú mi ló ń tàn mí jẹ."

"Ojú yín ń tàn yín jẹ, ẹ wá ń ṣọ́ ẹja fún mi? Ó tó. Ẹ lọ kó ẹrù yín." Ó kọjú sí àbúrò rẹ̀. "Àbí ẹ̀rọ rẹ ló dáṣẹ́ sílẹ̀?"

"Rárá o." Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. "Kò sí nǹkan tó ṣe ẹ̀rọ."

Bàbá Ẹlẹ́ja sún mọ́ ọn. "Jọ̀ọ́, bá mi bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ." Ó ti ń tẹríba, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tí ì bá bí.

Ẹnjiníà dì í mú lápá méjèèjì. Ojú tì í débi pé tí ilẹ̀ bá lanu, á kó sí i tayọ̀tayọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, bàbá pè mí lánàá. Wọ́n sọ fún mi. Èmi ni mo ní ojú wọn ń ṣe bàìbàì. Mi ò wo nǹkan kan, fáàrí ni mò ń ṣe."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán. Ó wá yíjú sí àgbàlagbà náà. "Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò wí?"

"Àbúrò yín ni, Màdáámù. Ta ló máa gba ojú mi gbọ́ ju fóònù rẹ̀ lọ?"

Obìnrin náà kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ẹnjiníà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń bẹ̀bẹ̀, àmọ́ bàbá ò dúró gbọ́. Ó ti ká ṣòkòtò sókè, ó ti wọ adágún kejì, níbi tí àwọn ẹja ti ń yanu lójú omi.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé àwọn tó kù máa yè?" Ẹnjiníà béèrè.

Bàbá Ẹlẹ́ja ò wẹ̀yìn.

"Sọ̀kalẹ̀ wá wò ó."