Ìkíni Abẹ́ Irin

Bàbá Tọ́pẹ́, ẹ má tíì dìde, ẹ jẹ́ kí n rọ́ àlá mi fún yín. Mo bá ara mi ní pápá ilé ìwé wa, mo wọ yúnífọ́ọ̀mù, irun funfun mi yìí sì wà lórí mi. Kóòṣì Àlàbí, olóògbé tó kọ́ mi ní eré sísá àti fífò, gbé irin lé mi léjìká. Dípò agolo tí wọ́n rọ sìmẹ́ńtì sí, tó máa ń wà létí irin yẹn kí ó lè wúwo, kíláàsì wa ló so rọ̀ sí apá ọ̀tún, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń yọjú lójú fèrèsé, igi máńgòrò ló so rọ̀ sí òsì, síbẹ̀ irin náà kò wúwo.

"Lóṣòó," ni Kóòṣì wí.

Mo bá kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." Bí mo ṣe máa ń ṣe nígbà náà nìyẹn, tí mo bá ti rẹlẹ̀ níwájú àgbà, ìkíni ló ń jáde.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Mi ò ní kí o kí mi. Gbé orúnkún kúrò nílẹ̀, ṣe bí ẹni fẹ́ jókòó sórí àpótí, tẹ gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ lo ti máa fò."

Mo ṣe é, àmọ́ n kò dìde. Ọmọ wo ló ń dìde nígbà tí àgbà kò tíì dáhùn ìkíni rẹ̀? Mo lóṣòó síbẹ̀, inú mi ń dùn pé wọn ò tètè dáhùn, kí n lè pẹ́ lọ́dọ̀ wọn.

Bí wọ́n ṣe la ẹnu báyìí, mo jí.