Nọ́ńbà Ara Páálí

Èmi ni mo kọ òfin tó wà lára ògiri ẹnu ọ̀nà ilé wa ní Mowe. Òfin mẹ́ta ni, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ló ń dá wàhálà sílẹ̀: ayálégbé kankan kò gbọdọ̀ fi ohun tó bá ju irínwó wáàtì lọ sórí ínfátà ilé, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fa iná láti inú bátìrì. Màmá Morádéyọ̀ tó ni ilé ló ra ínfátà náà pẹ̀lú sólà orí òrùlé, nígbà tí ariwo jẹnẹrétọ̀ mẹ́jọ sú u. Kò pé oṣù méjì tí obìnrin kan lókè fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ ìsìn lórí ẹ̀, ni ínfátà bá kú. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, Màmá fi kọ́kọ́rọ́ yàrá bátìrì lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní èmi ni oníná, èmi náà sì ni àgbà ilé.

Òótọ́ ni méjèèjì. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń fa wáyà sínú ilé, láti Ìbàfò dé Owódé Ẹ̀gbá. Àbdùlláhì lorúkọ mi, ṣùgbọ́n Bàbá Sùwéébátù ni gbogbo ilé ń pè mí, nítorí ọmọ mi àgbà. Mo mọ iná dáadáa. Kọ̀ǹpútà nìkan ni n kò mọ̀, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé n kò mọ̀ ọ́n.

Dárasími ló ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa ya àwòrán ilé tí wọn kò tíì kọ́. Á fi kọ̀ǹpútà yọ ilé náà jáde pẹ̀lú ọ̀dà àti fèrèsé àti òdòdó iwájú ẹ̀, ẹni tó fẹ́ rà á á sì rò pé wọ́n ti kọ́ ọ tán. Ọ́fíìsì kan ní Ìkẹjà ló ń bá ṣiṣẹ́. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ló ń jáde nílé, kì í sì í padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọdún kẹta rèé tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ojú ẹ̀ ti wọnú.

Lọ́jọ́ kan ó sọ fún mi pé àwọn kan tó ń ta ilé ní Arepo fẹ́ gba òun síṣẹ́. Tí òun bá lè yọ àwòrán mẹ́ta fún wọn kó tó di ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, tó sì dára, inú yàrá òun ni òun á ti máa ṣiṣẹ́, ó parí. Ó ti tó ọdún kan tó ti ń ra ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan, tó fẹ́ fọwọ́ ara ẹ̀ tò ó. Kò tò ó rí. Ó ku páwà páàkì nìkan, ìyẹn àpótí irin kékeré tó máa ń gba iná lára ògiri, tá á sì pín in fún gbogbo ara kọ̀ǹpútà.

Ní ọ̀sán Sátidé, ó dé láti ṣọ́ọ̀bù Uthman, ẹni tó ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà nítòsí gáréèjì. Mo jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé páálí kan mọ́yà. Nọ́ńbà tó wà lára páálí yẹn tóbi ju ìkúùkù mi lọ.

"Kí ni ìyẹn?"

"Páwà páàkì ni, sà. Ti kọ̀ǹpútà tí mò ń tò."

"Mélòó ni mo kọ sára ògiri?"

"Fọ́ọ̀ húńdírẹ́dì, sà."

"Mélòó ló wà lára páálí ọwọ́ ẹ?"

"Sísì-fífítì, sà. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ sà, nọ́ńbà yẹn, kì í ṣe pé ó máa..."

Mi ò jẹ́ kó parí ẹ̀. Mo ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo ní kí wọ́n tó bí i ni mo ti ń ka wáàtì. Mo ní kó dá a padà, kó gba èyí tó bá òfin ilé mu. Mo bi í bóyá ó yé e.

"Ó yé mi, sà."

Inú mi dùn. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń wo òfin mi lára ògiri, ó dà bí ẹni pé mo ti tún gba ilé lọ́wọ́ iná lẹ́ẹ̀kan sí i.

Èyí tó gbà dípò ẹ̀ jẹ́ ọ̀ọ́dúnrún wáàtì. Ó fúyẹ́, owó ẹ̀ sì wálẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ìyẹn náà tẹ́ mi lọ́rùn. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó jókòó sílẹ̀ yàrá ẹ̀, ó to gbogbo ẹ̀ pọ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́, fáànù inú ẹ̀ yí, ojú ẹ̀rọ sì mọ́lẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, n kò tíì rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí. Mo ṣàdúà fún un pé Ọlọ́hun á fi gbé e dókè, ó ṣe àmín.

Ó gba ààyè ọjọ́ mẹ́rin ní ọ́fíìsì. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó ya ilé àkọ́kọ́, kò sí ìyọnu. Ìgbà tó wá ní kí ẹ̀rọ yọ àwòrán náà jáde, ìyẹn ibi tí iṣẹ́ ti ń le, ẹ̀rọ kú fin-ín. Ó tan án, ó tún kú. Ó wá bi mí bóyá ínfátà ló já. Mo ní ínfátà wà dáadáa, àti pé ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ kan rí, kó má yà á lẹ́nu tí iṣẹ́ náà bá ń ṣe é ní màgòmágó. Bó ṣe rí nìyẹn ní Túsìdeè àti Wẹ́sìdeè. Mo ń gbọ́ tó ń tan án, tí yóò sì dákẹ́. Mo ń jẹun, mo ń kírun, mo ń gbọ́ ọ. Nígbà tí ọjọ́bọ̀ fi máa parí, àwòrán kan péré ló rí fi ránṣẹ́, ìyẹn náà sì ṣú bàìbàì.

Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mo rí Uthman tó ń wọlé bọ̀ pẹ̀lú páálí onísísì-fífítì yẹn lábẹ́ apá. Inú bí mi. Mo ní kí n jẹ́ kí wọ́n fi sí i tán, kí n wá fi ẹ̀rí mú wọn. Mo mú mítà mi, èyí tó ní ẹnu bí ẹ̀mú, tá a fi ń gbá wáyà mú láti mọ iye iná tó ń gbà á kọjá. Mo lọ síbi pátákó tí wáyà gbogbo yàrá ti pàdé, mo ṣí i, mo wá ti Dárasími jáde. Mo ké sí wọn pé mo ti rí wọn o. Mo ní kó pa fáànù àti gílóòbù, kó sì ní kí ẹ̀rọ ẹ̀ ṣe iṣẹ́ tó le jù.

Mo ń retí áńpù mẹ́ta. Ohun tí nọ́ńbà ara páálí máa fún èèyàn nìyẹn. Mítà ní ọ̀kan àti díẹ̀.

Mo tú u, mo tún gbá wáyà mú. Mo yọ bátìrì mítà, mo dá a padà. Ọ̀kan àti díẹ̀ náà ni. Mo ṣírò ẹ̀ lórí: kò tó ọ̀ọ́dúnrún wáàtì. Fíríjì kékeré tèmi àti tẹlifíṣọ̀n mi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Uthman kò wo ojú mi. Ó ní, "Bàbá, ohun tó lè gbé ni wọ́n kọ síbẹ̀, kì í ṣe ohun tó ń jẹ. Téèyàn bá ra ìkòkò ńlá, ìyẹn ò ní kó sè é kún. Kékeré tẹ́ ẹ ní kó gbà yẹn, ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kò lágbára káàdì tó ń yọ àwòrán, tó máa ń fa iná púpọ̀ lójijì. Mo sọ fún un lọ́jọ́ yẹn pé kò ní gbé e."

A padà sínú yàrá. Àwòrán ti ń jáde díẹ̀díẹ̀, ilé alájà méjì tó ní òrùlé búlúù, igi àgbọn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò kú. Ilé náà dára púpọ̀. Mo bi í pé ìgbà wo ló máa fi ránṣẹ́ sí àwọn ará Arepo.

"Wọ́n ti mú ẹlòmíì, sà. Látọjọ́ Fúráídeè."

Uthman kó irinṣẹ́ ẹ̀, ó kí wa, ó lọ. Mi ò lè jókòó. Mo ní, "Dárasími, ọjọ́ tí mo ní kó o dá a padà, ṣé o mọ̀ pé ohun tí mo sọ kò rí bẹ́ẹ̀?"

"Mo mọ̀, sà."

"Kí ló dé tó ò fi sọ?"

"Ẹ̀yin ni àgbà ilé, sà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ la wà, àwọn èèyàn ń wò wá. Tí mo bá ní irọ́ ni, wọ́n á ní mo rí yín fín." Ó wo ẹ̀rọ ẹ̀. "Mo rò pé bóyá kékeré yẹn á gbé e."

Ojú tì mí. Ó tì mí débi pé mo gba ilé Màmá Morádéyọ̀ lọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo gbé kọ́kọ́rọ́ yàrá bátìrì sórí tábìlì wọn, mo sì ro gbogbo ẹ̀ láìfi ohun kan pamọ́. Màmá tì í padà sọ́dọ̀ mi. Wọ́n ní kí n má ṣe bu ara mi kù nítorí ọmọ kékeré, pé àṣìṣe kọ́, ìṣọ́ra ni. Mo padà sílé, mo sọ fún àwọn ayálégbé tó jókòó níta. Wọ́n ní, "Rárá, sà, ẹ ò jẹ̀bi." Gbogbo wọn ló sọ ọ́. Dárasími náà sọ ọ́, lórí ìkúnlẹ̀.

Mo ya òfin náà kúrò lára ògiri. Ìyẹn kò dá nǹkan kan padà fún un.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí, ojú mi ti là, mo ń gbọ́ ọ. Ó bọ́ bàtà ẹ̀ sọ́wọ́ kó tó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó fa ilẹ̀kùn ẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó má baà jí mi.