Pèrègún Ààlà Lọ́wọ́ Ọba Méjì

Àkàndé ọ̀rẹ́ mi, jókòó kí n rọ́ àlá tí mo lá mọ́jú òní fún ọ. Mo rí ọba ńlá méjì tí ogun wọn ti jó ìlú tán. Mo bi wọ́n léèrè ohun tó dá a sílẹ̀. Ọ̀kan ní owó ibodè ni, èkejì ní àrífín ni. Àmọ́ pèrègún kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, gbòǹgbò rẹ̀ sì ń ṣẹ̀jẹ̀. Èyí tí bàbá mi gbìn sí ààlà oko wa ni, tí aládùúgbò mi hú!

Àwọn ọba náà bi arúgbó kan tó ń kọjá pé, "Bàbá, níbo ni igi yìí wà tẹ́lẹ̀?"

Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ọba kò kàn mí o, oko ni mò ń lọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kí ẹ̀rín náà tó tán, oko rẹ̀ ti ń jó.

Mo jí. N kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n fìlà rẹ ni arúgbó náà dé, Àkàndé. Ìwọ nìkan ló ṣẹ́kù nínú àwọn tó rí bàbá mi nígbà tó ń gbin igi yẹn. Òní ni Baálẹ̀ yóò gbọ́ ẹjọ́ èmi àti aládùúgbò mi. Ṣé oko ni ìwọ náà ń lọ?