Mánjù Tí Kò Ní Ẹ̀wà Nínú

Oṣù mẹ́ta gbáko ni ilé iṣẹ́ ìlú wa fi ń ta mánjù, àkàrà dídùn oníyẹ̀fun yẹn, láìsí ẹ̀wà nínú rẹ̀. Ẹ gbà mí o, tẹ́ ẹ bá yọ ẹ̀wà pupa oníṣúgà kúrò nínú mánjù, kí ló kù níbẹ̀? Ìyẹ̀fun rọ̀bọ̀tọ̀ lásán. Gbogbo ìlú rà á, gbogbo ìlú jẹ ẹ́, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Olúkúlùkù rò pé tòun nìkan ló bàjẹ́, kò sì fẹ́ yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ìyá arúgbó kan ló wá kọ lẹ́tà, ó sì tọrọ àforíjì lẹ́ẹ̀mẹ́rin nínú rẹ̀ pé bóyá ẹnu òun ni kò mọ adùn mọ́.

Kuwabara, tó ti ń tọ́ mánjù wò níbẹ̀ láti ogójì ọdún, ni wọ́n ní kó lọ bẹ aráyé níwájú àwọn oníròyìn. Lọ́yà ilé iṣẹ́ gbé ìwé ọ̀rọ̀ àforíjì kan síwájú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ mú ọ̀kan. 'Shiranakatta', ẹ ò mọ̀ nìyẹn, ẹ tẹríba díẹ̀. 'Kizukanakatta', ẹ ò fura, ẹ tẹríba pẹ́. Èyí ló dáa jù."

"Tí mo bá ní mo mọ̀ ńkọ́?"

Lọ́yà yẹ ìwé wò. "Kò sí níbí. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ rí."

Wàhálà dé. Tó bá ní òun ò fura, orúkọ tó fi ahọ́n ṣe fún ogójì ọdún ti bàjẹ́. Tó bá ní òun mọ̀, wọ́n á lé e, ọ̀sẹ̀ kan péré ló sì kù kó fẹ̀yìn tì.

Níwájú kámẹ́rà, ahọ́n yẹn ló borí.

"Mo mọ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Mo rò pé tèmi nìkan ni."

Ó tẹríba. Bí kò ti mọ bó ṣe yẹ kó pẹ́ tó, kò dìde mọ́. Oníròyìn kan gbé bírò sílẹ̀. "Èmi náà rò pé tèmi nìkan ni," ló wí, lòun náà bá tẹríba. Kò pẹ́, gbogbo yàrá ti dorí kodò, títí kan ọ̀gá àgbà Hirukawa. Ta ni yóò wá lé ta ni?

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀wà padà sínú mánjù. Gbogbo òṣìṣẹ́ péjọ, wọ́n ń jẹ ẹ́. Iyọ̀ ni wọ́n fi sè é dípò ṣúgà. Kuwabara wo ojú wọn, wọ́n ń jẹ lọ jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n òun ti kọ́gbọ́n.

"Ẹ jọ̀ọ́, iyọ̀ ló wà nínú èyí."

Gbogbo ẹnu dúró. Hirukawa fi tipátipá gbé tiẹ̀ mì, ó mu tíì lé e.

"Bóyá tiyín nìkan ni, Bàbá."